Wàláà Kan, Ẹ̀kọ́ Kan: Àwòrán Aṣàlàyé Nínú Iṣẹ́ Olùkọ́ ní Àyíká Ọjà-Ọba, Ìlọrin

Àwòrán aṣàlàyé ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní infographic, ìyẹn àwòrán tí ó kó iye, àmì àti ọ̀rọ̀ ṣókí pọ̀ sójú kan, tí a sì tò lọ́nà tí ẹni tí ó bá wò ó yóò fi mọ bí nǹkan ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, tàbí bí ohun kan ṣe bá òmíràn tan. Ó yàtọ̀ sí fọ́tò, nítorí pé ohun tí ojú rí gan-an ni fọ́tò ń gbé kalẹ̀. Ó tún yàtọ̀ sí àwòrán ọ̀ṣọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì kí ibẹ̀ lè dùn ún wò, nítorí pé bí a bá ká àwòrán ọ̀ṣọ́ kúrò, ẹ̀kọ́ kò dín, ṣùgbọ́n bí a bá ká àwòrán aṣàlàyé kúrò, apá kan nínú àlàyé ti bá a lọ nìyẹn. Máàpù àdúgbò tí a fi àmì sí ibi tí àwọn kànga rẹ̀ wà, ọ̀pá gígùn àti kúkúrú tí ó ń fi owó gààrí oṣù kan wé ti òmíràn, òbìrí tí a là sí ọ̀nà púpọ̀ láti fi ìpín hàn, àti àwòrán tí ó tò tẹ̀lé ara wọn láti fi bí a ṣe ń po oògùn hàn, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ orúkọ yìí.

Ọjà-Ọba ní Ìlọrin jẹ́ ibi tí ó yẹ láti gbé ọ̀rọ̀ yìí kà. Ọjà náà wà ní sàkáání ààfin Ẹ́míà àti Mọ́sálásí Gbogbogbòò ìlú, àwọn agboolé tí ó yí i ká sì kún fún ilé-kéwú tí àwọn ọmọ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀, yàtọ̀ sí ilé-ìwé tí púpọ̀ nínú wọn ń lọ láti àárọ̀. Ọmọ tí ó dàgbà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti ń bá òǹkà gbé kí ó tó mọ̀ pé ìṣirò ni wọ́n ń pè é. Ó ń rí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó ń rí ata àti tòmátò tí a tò ní òkìtì òkìtì, tí òkìtì kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Àtẹ ata bẹ́ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwòrán aṣàlàyé fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ń kọjá lọ lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó pọ̀ àti èyí tí kò tó nǹkan, kí ó tó yanu béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ìyálọ́jà.

Ní ilé-kéwú ìbílẹ̀, wàláà ni ohun èlò ìkọ́ni tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi igi gbẹ́ ni, tí a ń fi gègé àti tàdáwà kọ ẹ̀kọ́ sí lára, tí a sì ń fọ̀ nù nígbà tí ọmọ bá ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ dunjú. Ojú wàláà kò gba Kùránì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, àáfáà ní láti yan ìwọ̀n tí ọmọ yìí lè gbé lónìí, kí ó kọ ọ́ ní lẹ́tà tí ó tóbi tó, kí ó sì fi ìyókù pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí Shaykh Adam Abdullah al-Ilori dá ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí a mọ̀ sí Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955, tí ẹ̀kọ́ Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í ní kíláàsì onípele, àga àti pátákó ìkọ̀wé, ojú tí a ń kọ ẹ̀kọ́ sí fẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ọmọ sì lè jùmọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wàláà máa ń bi àáfáà kò yí padà, òun náà sì ni ó yẹ kí àwòrán aṣàlàyé máa bi olùkọ́ òde òní: kí ni a ó kọ, kí sì ni a ó fi sílẹ̀? Níbi tí a ti dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ni àwòrán ti ń kọ́ni. Níbi tí a kò ti bìkítà fún un, àwọ̀ mèremère kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ti sọ ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀. George Miller kọ ọ́ ní 1956 pé nǹkan bíi méje, bóyá kí ó fi méjì dín tàbí kí ó fi méjì lé, ni iyè ènìyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Allan Paivio ṣàlàyé ní 1971 pé ọ̀nà méjì ni ìmọ̀ ń gbà wọlé, ọ̀nà ọ̀rọ̀ àti ọ̀nà àwòrán, àti pé ohun tí ó bá gba ọ̀nà méjèèjì wọlé máa ń rọrùn láti rántí ju èyí tí ó gba ẹyọ kan lọ. John Sweller ní tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní 1988 nípa ẹrù tí ẹ̀kọ́ ń gbé lé ọpọlọ lórí, nígbà tí Richard Mayer fi ọ̀pọ̀ ìdánwò hàn pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ó ń ṣàlàyé súnmọ́ ara wọn, kí a má fi ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kí àwòrán rẹ̀ sì wà lókè, àti pé ohun tí ó fani mọ́ra ṣùgbọ́n tí kò kan ẹ̀kọ́ máa ń gba iyè ọmọ kúrò lórí ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ó yẹ kí a fi ohun kan kún èyí, nítorí pé ó ti ṣi ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́nà. Wọ́n máa ń sọ ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn kà ni ó máa ń rántí, pé ó ń rántí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó gbọ́ àti ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó rí, wọ́n sì máa ń fi iye wọ̀nyí sára àwòrán tí Edgar Dale yà sínú ìwé rẹ̀ ní 1946. Dale kò fi iye kankan sí àwòrán náà. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kò sì sí ìwádìí tí ó gbè é lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòde kan pé ìlọ́po 60,000 ni ọpọlọ fi ń yára ka àwòrán ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó ṣeni láàánú pé inú àwòrán aṣàlàyé gan-an ni àwọn irọ́ méjèèjì yìí ti ń rìn káàkiri jù lọ, èyí tí ó fi hàn pé irinṣẹ́ tí ó ń mú òtítọ́ yéni kíákíá lè mú irọ́ náà wọni lára kíákíá. Ìwúlò àwòrán kò nílò irọ́ láti gbè é lẹ́yìn.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ní 1925, Otto Neurath dá ilé-ọnà kan sílẹ̀ tí ó ń fi àwòrán ṣàlàyé ọrọ̀ ajé àti ètò ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn kò ní àǹfààní ìwé gígùn. Òun, Marie Reidemeister tí ó padà di ìyàwó rẹ̀, àti ayàwòrán Gerd Arntz ni wọ́n ṣe ètò àwòrán tí a wá mọ̀ sí Isotype. Ogun àti ìṣèlú lé wọn kúrò ní Vienna lọ sí ilẹ̀ Netherlands ní 1934, ó tún lé Otto àti Marie dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1940. Nígbà tí Otto kú ní 1945, Marie kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà kú. Ní àárín àwọn ọdún 1950, ó bá ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣiṣẹ́, ó wá sí Ìbàdàn, àwọn ìwé pẹlẹbẹ alàwòrán sì jáde láti ṣàlàyé ohun tí ìjọba ń ṣe fún ará ìlú: ọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ fún gbogbo ènìyàn, ọ̀kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó dára sí i, òmíràn lórí bí owó orí ṣe ń di ilé-ìwé, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn. Àwọn ìwé náà ṣì wà nínú àkójọ Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Nínú ètò Isotype, iṣẹ́ kan wà tí ó ju iṣẹ́ ayàwòrán lọ, òun sì ni iṣẹ́ Marie fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é ni ó ń dúró láàrin onímọ̀ tí ó ní ìwé ìṣirò nípọn lọ́wọ́ àti ará ìlú tí ó fẹ́ mọ ohun tí ó kàn án. Òun ni yóò ka ìwé ìṣirò náà tán, tí yóò béèrè ohun tí kò yé e, tí yóò yan ohun tí ó ṣe pàtàkì, tí yóò sì sọ fún ayàwòrán bí yóò ṣe tò ó. Kò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ìṣirò, kò sì gbọdọ̀ kó gbogbo rẹ̀ lé ará ìlú lórí. Nígbà tí ó dé Ìwọ̀-Oòrùn Afíríkà, ó rí i pé àmì tí wọ́n ń lò ní Vienna fún ilé, ènìyàn àti iṣẹ́ kò lè bá ibẹ̀ mu, wọ́n sì yí wọn padà kí ẹni tí ó ń wò wọ́n lè rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àáfáà tí ó ń yan ìwọ̀n ojú wàláà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni, ní orúkọ mìíràn.

Òfin tí Isotype dì mú jù lọ rọrùn, ó sì wúlò fún olùkọ́ èyíkéyìí: bí iye bá pọ̀, àmì kan náà ni a ó yà lọ́pọ̀ ìgbà, a kò ní ya àmì kan kí ó tóbi. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lé díẹ̀ ní 450,000. Ní ọdún tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti lé ní 800,000. Bí àwòrán ọmọ kan bá dúró fún ọmọ 100,000, ìlà òkè yóò ní ọmọ mẹ́rin àti ààbọ̀, ìlà ìsàlẹ̀ yóò sì ní mẹ́jọ. Ọmọ kíláàsì kẹta lè kà á fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ya ọmọ kan ṣoṣo fún 1954, tí ó wá ya òmíràn tí ó ga tó ìlọ́po méjì rẹ̀ fún 1955, ojú yóò tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, nítorí pé ohun tí ó ga ní ìlọ́po méjì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì pẹ̀lú, àyè tí ó gbà lórí pátákó sì ti di ìlọ́po mẹ́rin. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti ní orí fóònù. Èkejì rẹ̀ ni ti ọ̀pá tí a kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo: bí kóńgò gààrí bá kúrò ní 1,000 náírà bọ́ sí 1,100, tí ẹni tí ó ya àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀pá rẹ̀ láti 950, ọ̀pá kejì yóò ga ní ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgọ́rùn-ún náírà péré ni ó gun orí rẹ̀.

Ìlọrin kò sí lára ibi tí àwọn ìwé pẹlẹbẹ ìjọba Ìbàdàn wà fún, nítorí pé abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni ìlú náà wà ní àkókò náà, títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ tí a mọ̀ sí Kwara lónìí sílẹ̀ ní 1967. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí ó jẹ́ ti Ìlọrin gan-an, tí kò sì sí bí a ṣe lè fi òfin Isotype kọ́ ọ tí kò ní yé ènìyàn, èyíinì ni ìmọ̀ pínpín ogún gẹ́gẹ́ bí òfin Islam ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-kéwú máa ń há ìpín wọ̀nyí sórí, wọ́n a sì lè kà wọ́n bí omi, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbé owó tàbí ilẹ̀ gidi síwájú wọn, ìdá mẹ́jọ àti ìdá mẹ́fà a di ìrújú.

Bí ọkùnrin kan bá kú, tí wọ́n ti san gbèsè àti ìnáwó ìsìnkú rẹ̀, tí òbí rẹ̀ kò sì sí láyé mọ́, tí ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, àwọn ọmọ yóò sì pín ìyókù, kí ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Kí olùkọ́ ya àpótí kéékèèké 24 sójú pátákó, mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́ta ní òró. Òró kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìyẹn àpótí 3; a kùn ún ní àwọ̀ kan. Ó ku àpótí 21. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, àpótí 7 ni ọ̀nà kan. Ọmọbìnrin gba 7, ọmọkùnrin gba 14. Gbogbo rẹ̀ pé 24, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi ìka kà á. Bí ogún náà bá jẹ́ 2,400,000 náírà, àpótí kan di 100,000, ìdáhùn sì ti hàn kí ẹnikẹ́ni tó mú kálámù.

Ìgbà tí òbí olóògbé bá ṣì wà láyé ni ẹ̀kọ́ náà wá dùn jù. Bàbá gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyá náà gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyẹn àpótí 4 àti 4. Ìyàwó gba 3 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ku 13, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Kò ní pín geerege. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe: a ó la àpótí kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, 24 yóò di 72, ìyàwó yóò ní 9, bàbá 12, ìyá 12, yóò ku 39, ọmọkùnrin yóò gba 26, ọmọbìnrin 13. Àkàwé tí a fi ṣọ́ọ̀kì là sójú pátákó yìí ti ṣàlàyé ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò ń fi ojú ìwé kan gbáko ṣàlàyé, ìyẹn ìdí tí a fi ń wá iye tí gbogbo ìdá lè jùmọ̀ dúró lé. Olùkọ́ ìṣirò ilé-ìwé ìjọba àti àáfáà ilé-kéwú lè lo àwòrán kan náà, ọmọ kan náà sì ni wọ́n ń kọ́.

Ti ìlera náà kò yàtọ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, tí kò sì sí oògùn inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà, omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà po lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, nítorí pé àìtó omi nínú ara ni ó sábà máa ń pa ọmọ, ṣúgà sì ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa iyọ̀ àti omi wọlé. Ìwọ̀n tí a mọ̀ kárí ayé ni lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Bí a bá fi ẹnu lásán sọ èyí fún ìyá kan nínú ariwo ọjà, ó rọrùn kí mẹ́fà àti ààbọ̀ gba ipò ara wọn, iyọ̀ tí ó bá sì pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ṣíbí mẹ́fà funfun tí a yà sórí ìlà kan, àti ṣíbí kan tí iyọ̀ dé àárín rẹ̀ péré ní ìsàlẹ̀ wọn, kò ṣe é gbàgbé. Ó tún ku ohun kan tí ẹnu kò lè sọ dáadáa tí àwòrán lè sọ: ṣíbí náà gbọ́dọ̀ tẹ́, kò gbọdọ̀ gba òkè. Ṣíbí tí ó tẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí a mú àmì tó dára sí, ṣíbí tí ó ga bí òkìtì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí a fi ìlà dábùú rẹ̀. Ìṣòro kan ṣoṣo tí ó kù ni ti lítà: kò sí ẹni tí ń fi lítà wọn omi nínú ilé, nítorí náà ìgò tí gbogbo ènìyàn ń rà lójú ọjà, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì wà lára rẹ̀, ni ó yẹ kí ayàwòrán yà.

Ó ní ohun kan tí ẹni tí kò gbé Ìlọrin lè má rò. Ọmọ tí ó ń lọ ilé-ìwé ní àárọ̀ ń kàwé láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ní ìrọ̀lẹ́, ní ilé-kéwú, ọmọ kan náà ń kà láti ọ̀tún lọ sí òsì. Bí a bá tò àwòrán mẹ́rin sí ìbú, tí àkọ́kọ́ fi ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá hàn, tí ìkẹta fi oògùn hàn, tí ìkẹrin sì fi ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá hàn, ẹni tí kéwú nìkan ni ó mọ̀ ọ́n kà lè bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, yóò sì rò pé ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni a fún ní oògùn tí ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn àgbàlagbà tí ó mọ̀wé Lárúbáwá tí wọn kò mọ ti Gẹ̀ẹ́sì kò kéré ní àwọn agboolé Ìlọrin. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le: kí a tò àwòrán láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ìwé méjèèjì ni ó gbà bẹ́ẹ̀, kí a sì fi nọ́ńbà sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó ń tẹ àwòrán ìlera jáde láti ọ̀nà jíjìn ni ó yẹ kí wọ́n gbọ́ èyí jù.

Àwòrán tún lè ṣàwárí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn tí àìsàn onígbá-méjì pa ọ̀pọ̀ ará Soho ní London ní 1854, dókítà John Snow fi ìlà dúdú kéékèèké sí iwájú ilé kọ̀ọ̀kan tí òkú ti jáde lórí máàpù, ìlà náà sì kún yí ẹ̀rọ omi kan ká ní òpópónà Broad Street. Ní ìgbà náà, afẹ́fẹ́ búburú ni ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ó ń fa àìsàn náà. Máàpù Snow wà lára ẹ̀rí tí ó tọ́ka sí omi. Ní 1900, W.E.B. Du Bois àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Atlanta fi ọwọ́ ya nǹkan bíi 60 àwòrán, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Paris, láti fi ìgbé ayé àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà hàn fún gbogbo ayé, bí wọ́n ṣe ń ní ilẹ̀ sí i àti bí àwọn tí ó mọ̀wé ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oko ẹrú. Íǹkì, àwọ̀ olómi àti ìwé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lò. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé nígbà náà.

Èyí yẹ ní rírántí, nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà pé láìsí kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná àti dátà, kò sí àwòrán aṣàlàyé. Òótọ́ ni pé ètò KwaraLEARN tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ọwọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, òótọ́ sì ni pé Canva àti irú rẹ̀ wà lórí fóònù tí olùkọ́ lè fi ya àwòrán tí ó mọ́ rekete láìná owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó ti wà nílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ ti ọmọ Ìlọrin: píísà ni wọ́n fi ń kọ́ ìdá, yìnyín ni wọ́n fi ń kọ́ ojú ọjọ́, èso tí ọmọ kò fi ẹnu kàn rí ni wọ́n fi ń kọ́ oúnjẹ aṣaralóore. Ọmọ náà yóò kọ́kọ́ há ohun àjèjì sórí kí ó tó dé ibi ẹ̀kọ́, ẹrù méjì ni a sì gbé lé e lórí dípò ọ̀kan. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá sí ọjà, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Káádíbọ́ọ̀dù kan, máákà aláwọ̀ mẹ́ta àti rúlà ti tó. Kí olùkọ́ má fi pupa àti àwọ̀ ewé ya ohun méjì tí ó fẹ́ kí ọmọ fi wéra, nítorí pé àwọn kan wà, tí ọkùnrin pọ̀ nínú wọn ju obìnrin lọ, tí ojú wọn kì í dá àwọ̀ méjèèjì mọ̀ sí ara wọn. Ìlà wínníwínní nínú ọ̀kan àti àmì tóótòòtó nínú èkejì yóò yanjú rẹ̀. Kí lẹ́tà sì tóbi tó kí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lè kà á, nítorí pé kíláàsì ọlọ́mọ ọgọ́ta kì í ṣe ohun àjèjì.

Iṣẹ́ tí ó ṣàǹfààní jù, ní èrò àpilẹ̀kọ yìí, ni èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn bá yà, nítorí pé nígbà náà ni yíyan ohun tí a ó kọ àti ohun tí a ó fi sílẹ̀ yóò bọ́ sí ọwọ́ wọn. Ọjà-Ọba ti gbé ohun èlò rẹ̀ kalẹ̀. Kí a pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọjà kan: ìrẹsì, ẹ̀wà, gààrí, epo pupa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ìyálọ́jà mẹ́ta, pẹ̀lú ìkíni tí ó yẹ àti àlàyé pé ti ilé-ìwé ni. Àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì lọ́gán, òun gan-an sì ni ẹ̀kọ́: ṣé kóńgò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba? Bí iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, èwo ni a ó kọ? Ṣé kí a kọ iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni, àbí iye tí wọ́n tà á lẹ́yìn ìnájà? Ọmọ tí ó bá ti jà fún ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí kò ní wo àwòrán ìwé ìròyìn mọ́ láìbéèrè ibi tí iye inú rẹ̀ ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fa ìlà méjì, ọ̀kan ní òró, ọ̀kan ní ìbú, tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, tí wọn yóò sì na ọ̀pá oṣù àkọ́kọ́ sókè. Apá òsì káádíbọ́ọ̀dù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ ní apá ọ̀tún tí yóò gba oṣù mọ́kànlá mìíràn, pẹ̀lú ojú òkè tí ó gùn tó láti gba iye tí ó bá wọ́n jù báyìí lọ, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan péré lè yí owó ẹ̀wà padà, káádíbọ́ọ̀dù náà yóò sì ṣì wà lára ògiri nígbà tí ọ̀wọ́ ẹlẹ́wà bá tún ti Ọjà-Ọba dé pẹ̀lú iye tuntun.